Àgbà Kò Gbọdọ̀ Wà Lọ́jà Oògùn Kí Orí Ọmọ Wọ́

Àwọn baba wa ni ó sọ ọ́ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Ọjà tí a fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kì í ṣe ọjà iṣu, kì í sì í ṣe ọjà aṣọ. Ọjà oògùn ni. Pàápàá jù lọ, ọjà abẹ́rẹ́ kan tí a fi ń gba ẹ̀mí ọmọ là nígbà tí ibà ẹ̀fọn bá le kọjá ààlà tí ó sì wọ inú ọpọlọ. Orí ọmọ ti wọ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nínú ọjà yìí, àwọn àgbà sì pọ̀ níbẹ̀. Ìjọba Àpapọ̀ wà níbẹ̀, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn wà níbẹ̀, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú wa sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìbéèrè wa ni pé, ta ni nínú wọn ni yóò tún orí ọmọ náà ṣe?

A kò béèrè èyí nítorí pé a fẹ́ bú ẹnikẹ́ni. A béèrè rẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaròó dé Ayétòrò, láti Ìdí-Ìrókò dé Ìmẹ̀kọ, títí dé Tube àti àwọn abúlé tí ó súnmọ́ ààlà orílẹ̀-èdè Benin, jẹ́ ilẹ̀ tí òjò ń rọ̀ sí dáadáa, tí ẹ̀fọn sì ń rí omi yé ẹyin sí. Gbogbo òbí ibẹ̀ ni ó mọ ibà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ni ó mọ ohun tí ibà lè dà láàárín òru ọjọ́ kan ṣoṣo.

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí ibà ń mú, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń wọ inú ọpọlọ wọn. Kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Plasmodium falciparum, ni ó ń fa irú ibà yìí, ẹ̀fọn ni ó sì ń gbé e láti ara ẹnì kan lọ sí ara ẹlòmíràn. Ronald Ross, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, ni ó rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1897. Bí kòkòrò náà bá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí ó ti kó wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ara àwọn iṣan tín-ín-rín tí ó gba inú ọpọlọ kọjá, bí ìdọ̀tí ti í dí ojú gọ́tà. Ọmọ tí ó jẹun ní òwúrọ̀ a gbóná janjan ní ọ̀sán, gìrì a gbé e ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí òru yóò bá sì fi jìn, kò ní dá ìyá rẹ̀ lóhùn mọ́.

Bí a kò bá tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ikú ni ó sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Bí a tilẹ̀ tọ́jú wọn ní ilé ìwòsàn, nínú 100 wọn, bí i 15 sí 20 a máa kú. Àwọn mìíràn tí ó yè a máa bá wárápá yí, tàbí kí ọ̀rọ̀ ṣòro fún wọn láti sọ, tàbí kí ẹ̀kọ́ má wọ orí wọn bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ó ṣeé ṣe kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó sí kíláàsì yín lónìí, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa pè é ní olódo.

Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn wá pé àìsàn tí kò wọ́pọ̀ kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ìlú dúró lé lórí. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe ìṣirò rẹ̀, ẹ̀mí 597,000 ni ibà gbà ní gbogbo ayé ní ọdún 2023. Nínú ènìyàn 100 tí ibà pa ní ọdún náà, nǹkan bí 31 jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ibi tí ibà ti gba ọ̀nà pa wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó wọ ọpọlọ ni ó burú jù lọ nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ọ̀rọ̀ oògùn. Láti ìgbà pípẹ́, kíníìnì ni a gbójú lé. Ara èèpo igi kan ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni ó ti wá, àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé méjì, Pelletier àti Caventou, ni wọ́n sì yọ ọ́ jáde lára èèpo náà ní ọdún 1820. Nígbà tí Sir William MacGregor, tí òun pàápàá jẹ́ dókítà, ṣe Gómìnà Èkó láti ọdún 1899 sí 1904, ó gbẹ́ àbàtà, ó sì pín kíníìnì fún àwọn ará ìlú. Ẹ ṣàkíyèsí pé láti ìgbà náà lọ́hùn-ún ni ó ti hàn pé bí ìjọba kò bá ra oògùn ibà, tálákà kì yóò rí i lò.

Ìran tí ó tẹ̀lé e rí oògùn tí ó dára ju kíníìnì lọ. Obìnrin ará Ṣáínà kan, Tu Youyou, ni ó yẹ ìwé àwọn oníṣègùn ayé àtijọ́ ilẹ̀ rẹ̀ wò, tí ó sì yọ agbára oògùn jáde lára ewé kan tí wọ́n ń pè ní Artemisia annua, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 sókè. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yìí ní ọdún 2015. Lára ewé náà ni artesunate ti wá, èyí tí a ń gún ní abẹ́rẹ́ fún ẹni tí ibà rẹ̀ ti le débi pé kò lè gbé oògùn mì.

Ṣé abẹ́rẹ́ yìí dára ju kíníìnì lọ ní tòótọ́? A kò níláti lọ sí òkèèrè kí a tó gba ẹ̀rí. Àwọn dókítà dán an wò lára ọmọ 5,425 ní ilé ìwòsàn 11 ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní ilẹ̀ Áfríkà, Ìlọrin sì wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2010. Nínú àwọn ọmọ 2,713 tí wọ́n fún ní kíníìnì, 297 kú. Nínú àwọn 2,712 tí wọ́n fún ní artesunate, 230 kú. Ẹ̀mí ọmọ 67 ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín oògùn méjèèjì nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni Àjọ Ìlera Àgbáyé pàṣẹ pé artesunate ni kí a máa lò fún àwọn ọmọ wa tí ibà wọn bá le. Bẹ́ẹ̀ ni kíníìnì gba kí a rọra kán an sínú iṣan ọmọ fún wákàtí mẹ́rin, ó sì lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n artesunate kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kí nọ́ọ̀sì tó parí rẹ̀.

Oògùn ti wà, ẹ̀rí sì ti wà. Kí ni ó wá kù? Ọjà ni ó kù, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti dojú rú.

Ẹ kọ́kọ́ wo Amẹ́ríkà. Ní orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ yẹn, ibà jẹ́ àìsàn tí kò wọ́pọ̀ rárá. Nǹkan bí 2,000 ènìyàn ni ó ń ní in lọ́dún, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ àwọn tí ó rin ìrìn-àjò dé ilẹ̀ wa, àwọn ọmọ wa tí ó wá kí ìyá àti baba wọn sì wà lára wọn. Oògùn abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni ìjọba ibẹ̀ fọwọ́ sí fún ibà líle, ọmọ ìyá kíníìnì ni oògùn náà. Nígbà tí ó di ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe é ti pa á tì, èyí tí ó kù nílẹ̀ sì ti kọjá ọjọ́ tí ó yẹ kí a lò ó, nítorí pé àwọn tí ń rà á kò pọ̀ tó. Ẹ rò ó wò! Amẹ́ríkà, pẹ̀lú gbogbo ọrọ̀ rẹ̀, wà láìní oògùn ibà líle tí oníṣòwò ń tà. Ìjọba ni ó ń fi artesunate ṣọwọ́ sí ilé ìwòsàn tí ó bá béèrè.

Ṣùgbọ́n ìjọba náà kò ká ọwọ́ gbera. Láti ọdún 1983 ni wọ́n ti ní òfin kan tí ń ran ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ bí ó bá ṣe oògùn fún àìsàn tí àwọn tí ó ní in kò tó 200,000 ní ilẹ̀ wọn. Ní ọdún 2007 wọ́n ṣe òmíràn, pé ilé-iṣẹ́ tí ó bá mú oògùn titun wá fún àìsàn ilẹ̀ olóoru yóò gba ìwé àṣẹ tí yóò mú kí a tètè yẹ oògùn rẹ̀ mìíràn wò, ó sì lè ta ìwé náà fún ẹlòmíràn lówó gọbọi. Lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Amivas fi rí i pé èrè wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ artesunate rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020. Kò sí ọjà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òfin ni ó dá ọjà sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ rọrùn láti ní lọ́kàn. Lọ́dọ̀ tiwọn, owó wà, ṣùgbọ́n aláìsàn kò pọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, aláìsàn pọ̀, ṣùgbọ́n owó kò sí lọ́wọ́ wọn. Ọ̀nà méjèèjì ni oníṣòwò fi ń sá. Oníṣòwò kì í ṣe ọ̀tá wa. Kò sí ẹni tí ń ṣe oògùn tí ó lè máa ta á ní àdánù. Ohun tí ó ń wá ni ẹni tí yóò rà á dájúdájú, tí yóò san owó rẹ̀ ní àsìkò, tí yóò sì tún padà wá rà ní ọdún tí ń bọ̀. Ìyá ọmọ tí ń ta gààrí ní Tube kò lè jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Kò lè ra abẹ́rẹ́ náà pamọ́ sílé de ọjọ́ tí ibà yóò wọ ọpọlọ ọmọ rẹ̀, nítorí pé kò mọ ọjọ́ náà. Ìjọba nìkan ni ó lè mọ̀ pé nínú ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ tí ó wà ní ìkáwọ́ òun, iye báyìí ni yóò nílò rẹ̀ nígbà òjò.

Nítorí pé àwọn olùrà kò dúró déédéé, àwọn olùtà pẹ̀lú kò pọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, ti Guilin ní Ṣáínà, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ rẹ̀ fún rírà pẹ̀lú owó ìrànwọ́ àgbáyé, kí Ipca ti ilẹ̀ Íńdíà tó wá darapọ̀ mọ́ ọn. Ewé tí a fi ń ṣe é pàápàá ń bá ọjà yí. Nígbà tí ayé kígbe pé oògùn náà wọ́n ní nǹkan bí ọdún 2005, owó rẹ̀ fò sókè, àwọn àgbẹ̀ Ṣáínà àti ti Ìlà-Oòrùn Áfríkà sì sáré gbìn ín. Kò pẹ́ tí ó fi pọ̀ jù, owó rẹ̀ wó lulẹ̀, àgbẹ̀ púpọ̀ fi í sílẹ̀, ọ̀wọ́n sì tún dé. Àwọn baba wa tí ó gbin kòkó mọ irú ẹkún bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ fi ní ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó ní iye tí a ti kéde ṣáájú ìkórè. Bí a bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún kòkó tí àwọn ọmọ òyìnbó ń jẹ ṣúkúláàtì rẹ̀, kí ni ó dé tí a kò lè ṣe é fún oògùn tí àwọn ọmọ tiwa yóò lò?

Ta ni ó ń rà á fún wa láti ọjọ́ yìí wá? Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: àwọn àlejò ni. Owó ìrànwọ́ àgbáyé àti owó Amẹ́ríkà ni ó ra púpọ̀ nínú oògùn ibà tí ó wọ àwọn ilé ìwòsàn ìjọba wa. Láti ọdún 2010, wọ́n tilẹ̀ dán ètò kan wò ní Nàìjíríà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, nínú èyí tí wọ́n san apá tí ó pọ̀ nínú owó oògùn ibà láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ṣe é, kí ó lè dé ilé kẹ́mísì ní owó pọ́ọ́kú. Àwọn tí ó bá rántí páálí oògùn ibà tí ó ní àmì ewé tútù lára mọ ohun tí a ń wí. Owó rẹ̀ lọ sílẹ̀ nítòótọ́. Ṣùgbọ́n oògùn gbígbémì ni ètò náà wà fún. Abẹ́rẹ́ tí ó wà fún ọmọ tí kò mọ ẹni mọ́ kò sí nínú rẹ̀.

Ẹni tí ó bá gbójú lé ogún, ó fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ìjọba titun ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí a dá owó ìrànwọ́ sí òkèèrè dúró, nígbà tí ó sì fi di ìdajì ọdún náà, wọ́n ti ti ilé-iṣẹ́ tí ń pín in pa. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wa ní Àbújá ṣe dáadáa nígbà tí ó fi nǹkan bí 200 mílíọ̀nù dọ́là kún owó ìlera ọdún 2025 láti fi dí àlàfo náà. A kí wọn. Ṣùgbọ́n owó tí a fi dí àlàfo ní ọdún kan kò tíì di ọjà tí ènìyàn lè gbójú lé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfríkà péjọ sí Àbújá yìí kan náà, wọ́n sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé nínú 100 náírà tí ìjọba kọ̀ọ̀kan bá ná, 15 yóò lọ sí ìlera. Àwa ni a gbà wọ́n lálejò, àwa pàápàá ni a kò sì tíì mú ẹ̀jẹ́ náà ṣẹ.

Àkókò tí ó yẹ kí a fi ìdí ọjà wa múlẹ̀ ni àwọn àgbà ọlọ́jà ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ GSK kéde pé òun ń fi Nàìjíríà sílẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, Sanofi pẹ̀lú sọ pé òun kò ní máa ta oògùn òun fúnra òun níhìn-ín mọ́. Náírà ti já wálẹ̀ láti oṣù Kẹfà ọdún náà, dọ́là ṣòro láti rí, oògùn sì gbówó lórí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí àṣẹ pé kí a mú owó ẹnubodè kúrò lórí àwọn ohun tí a fi ń ṣe oògùn. Àṣẹ náà dára. Ó yẹ kí a rí èso rẹ̀ nínú owó tí aláìsàn ń san.

Ní ilẹ̀ ààlà wa, ọ̀wọ́n oògùn ní ewu kan tí àwọn ará Èkó àti Abẹ́òkúta lè má mọ̀ tó bí àwa ti mọ̀ ọ́n. Níbi tí ọjà gidi kò bá sí, ọjà fàyàwọ́ ni yóò gba ipò rẹ̀. Ará kan náà ni àwa àti àwọn ará Kétu, Pọ̀bẹ̀ àti Ṣakété. Ààlà tí òyìnbó fà kò pín ẹ̀jẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣẹ́ ibi ń gba ọ̀nà àbúrú tí ó wà láàárín wa kó oògùn ayédèrú kọjá síhìn-ín àti sọ́hùn-ún. Ìjọba ti ibodè Ìdí-Ìrókò láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kẹrin ọdún 2022, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè ti ọ̀nà inú igbó. Ìjọba Benin gbógun ti oògùn ayédèrú ní ọjà Adjégounlè ní Kútọnu ní ọdún 2017. Àjọ NAFDAC tiwa ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà, ti Ọ̀nìṣà àti ti Aba pa ní oṣù Kejì ọdún 2025 láti fi gbọn ìdọ̀tí inú wọn dànù. Ní ọdún 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú oògùn mẹ́wàá ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó, ọ̀kan jẹ́ ayédèrú tàbí èyí tí kò kájú òṣùwọ̀n. Bí ayédèrú oògùn ẹ̀fọ́rí bá wọ ọwọ́ ènìyàn, orí rẹ̀ yóò máa fọ́ ẹ. Bí ayédèrú abẹ́rẹ́ ibà ọpọlọ bá wọ ọwọ́ nọ́ọ̀sì, òkú ọmọ ni ìyá yóò gbé lọ sílé.

Àwọn kan yóò sọ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà ti dé, nítorí náà kí a gbàgbé ti oògùn. Òtítọ́ ni pé ó ti dé. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Kebbi àti Bayelsa ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, inú wa sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n àjẹsára yìí ń dín ibà kù ni, kò lé e lọ pátápátá. Ọmọ tí ó gbà á ṣì lè ní ibà. Àwọn mìíràn yóò sọ pé àgbo ń bẹ nílé. A kò kẹ́gàn ewé; ewé ni artesunate pàápàá ti wá. Ṣùgbọ́n ọmọ tí gìrì ń gbé kò lè mu àgbo láìjẹ́ pé ó gbà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn dókítà Ìbàdàn sì ti kọ̀wé láti ọjọ́ pípẹ́ lórí àwọn ọmọ tí àgùnmu ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà tí a fi ń tọ́jú gìrì ti ṣekú pa. Kí á má fi ọwọ́ ara wa pa ọmọ wa.

Àwọn kan náà yóò wí pé bí a bá pín oògùn lọ́fẹ̀ẹ́, wọn yóò jí i tà. Wọ́n lè jí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba ni láti mú olè, kì í ṣe láti fi oògùn du ọmọ nítorí olè. Nígbà tí ẹgbẹ́ Action Group gba ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n pinnu pé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 yóò gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn kan sì sọ nígbà náà pé kò lè ṣeé ṣe. Nígbà tí Olóyè Bísí Ọnàbáńjọ ṣe Gómìnà Ògùn láti ọdún 1979 sí 1983 lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ wà lára òpó mẹ́rin tí ẹgbẹ́ náà gbé ìlérí rẹ̀ lé. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tí ẹ ń pe ara yín ní arólé àwọn baba wọ̀nyí, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ wà lónìí, ẹ̀yin ni ẹ ni gbèsè yìí láti san.

Kí ni a ń fẹ́ kí ìjọba ṣe? Èkíní, kí Ìjọba Àpapọ̀ àti ti Ìpínlẹ̀ di olùrà tí ó dájú. Kí wọ́n kéde iye abẹ́rẹ́ artesunate tí wọn yóò rà fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, kí wọ́n fi owó rẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ètò ìnáwó, kí wọ́n sì san án ní àsìkò.

Èkejì, kí wọ́n fi ẹ̀jẹ́ rírà yìí fa ilé-iṣẹ́ wá sí ilé. Ní ọdún 2021, báńkì ìdókòwò ti ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí 14 mílíọ̀nù owó Euro fún ilé-iṣẹ́ Emzor láti máa ṣe kókó oògùn ibà ní Ṣàgámù, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí. Àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn sì wà ní Ọ̀tà pẹ̀lú. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá ní olùrà yóò kógbá sílé bí àwọn àlejò ti ṣe.

Ẹ̀kẹta, kí abẹ́rẹ́ náà má dúró ní Abẹ́òkúta. Ní òru, alùpùpù ni ọkọ̀ aláìsàn ní ọ̀pọ̀ abúlé ààlà wa, ọmọ tí gìrì ń gbé kò sì lè dúró de ìlẹ̀kùn tí yóò ṣí ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Kí oògùn wà ní ilé ìlera tí ó súnmọ́ abúlé, kí nọ́ọ̀sì tí ó mọ̀ ọ́n gún wà níbẹ̀, kí ọkọ̀ sì wà tí yóò gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn Ayétòrò tàbí ti Ìlaròó. Ẹ̀kọ́ kan wà níbí tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Láti ọdún 2018 sí 2020, wọ́n pín oògùn artesunate kan tí a ń ki bọ ìdí ọmọ ní Kóńgò, ní Uganda àti ní Ìpínlẹ̀ Adamawa, kí ó lè fún ọmọ ní agbára títí yóò fi dé ilé ìwòsàn. Ikú kò dín kù bí wọ́n ti retí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ kò dé ilé ìwòsàn láti gba ìyókù ìtọ́jú wọn, àwọn mìíràn tí ó débẹ̀ kò sì gbà á pé. Oògùn láìsí ọ̀nà, láìsí ọkọ̀, láìsí nọ́ọ̀sì, ìlàjì oògùn ni.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ tiyín kò kéré. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé gìrì pẹ̀lú ara gbígbóná kì í ṣe iṣẹ́ ayé, pé kí a dojú ọmọ náà kọ ẹ̀gbẹ́, kí a má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ohun tí ọmọ ilé-ìwé bá gbọ́ ní kíláàsì lówùúrọ̀, ìyá àgbà yóò gbọ́ ọ lálẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, nígbà tí àwọn olùdíje bá wá sí Ayétòrò, Ìlaròó àti Tube pẹ̀lú ìlù àti aṣọ ẹgbẹ́, ẹ gbà wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: abẹ́rẹ́ artesunate mélòó ni yóò wà ní ilé ìlera wa nígbà òjò tí ń bọ̀, ta ni yóò sì san owó rẹ̀? Ẹni tí ó bá dáhùn pẹ̀lú iye àti ọjọ́, ẹ tẹ́tí sí i. Ẹni tí ó bá rẹ́rìn-ín tí ó sì ju owó sí afẹ́fẹ́ fún àwọn onílù, ẹ ti mọ irú àgbà tí ó jẹ́ lọ́jà.